Èéfín Oṣù Kẹta

Ẹ̀jẹ̀ ni Buakham kọ́kọ́ rí lára ìrọ̀rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò bò mọ́lẹ̀ lọ, ó sì ti gbẹ mọ́ aṣọ. Kaeta fúnra rẹ̀ ti jí. Ó jókòó sórí ẹní, ó tẹrí síwájú díẹ̀, ó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀ bí tíṣà wọn ṣe kọ́ wọn, nítorí pé ní kíláàsì wọn, ọmọ tí imú rẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀ lóṣù kẹta kò wọ́pọ̀.

"Ó ti dá, Màmá Àgbà," ni ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀. "Ẹ má sọ fún Màmá mi."

"Kí ló dé tí mi ò ní sọ fún un?"

"Torí ẹ máa tún jà."

Ọmọ ọdún méje ni. Buakham yọ aṣọ ìrọ̀rí náà, ó ká a mọ́ abẹ́ apá, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé láti lọ rì í sínú omi tútù.

Níta, kò sí òkè. Òkè gàgàrà tó dúró sẹ́yìn abúlé wọn, tí èèyàn lè ka igi orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lóṣù kọkànlá, èéfín ti gbé e mì. Oòrùn ti yọ, ó pọ́n bí inú ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀, èèyàn sì lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Eérú tín-ín-rín ń bọ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá lálẹ́ àná. Buakham gbọn àwọn aṣọ náà, ó wúkọ́, ó tún gbọn wọ́n.

Saengla, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá Kaeta, bá a níbẹ̀. Ìlú ńlá Chiang Mai ló ti ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan. Ó wá lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó fi sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ó wo inú bàsíà. Omi inú rẹ̀ ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

"Ìgbà kejì rèé lọ́sẹ̀ yìí, àbí?"

"Ìgbà kẹta," ni Buakham wí, nítorí kò mọ irọ́ pa.

"Màá mú un lọ lọ́la."

"Lọ síbo?"

"Ọ̀dọ̀ mi."

"Inú yàrá ẹ tó wà lẹ́bàá títì, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń tu èéfín dúdú sójú fèrèsé ẹ̀ tọ̀sán tòru? Àbí Chiang Mai ti ra afẹ́fẹ́ tiwọn lọ́tọ̀ ni?"

"Ó kéré tán, Màmá, èmi kì í dáná sunko."

Kò pariwo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé onígi tó dúró lórí òpó ni ilé wọn, ògiri rẹ̀ kò sì lè pa nǹkan kan mọ́. Inta, bàbá Saengla, wà lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti ń so okùn bàtà oko. Gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìjọba ti fòfin de iná dídá fún oṣù méjì gbáko, ṣùgbọ́n baálẹ̀ ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti ìrọ̀lẹ́ àná, ó ń sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀: ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò iná láti ojú ọ̀run máa kọjá lórí wọn ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ sun pòròpórò oko rẹ̀, kó dúró di aago méjì.

Inta so okùn náà tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, kì í sì í yára fọhùn.

"Saengla, wo òkè yẹn."

"Mi ò rí òkè kankan, Bàbá."

Inta gbójú sókè. Lóòótọ́ ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rín in.

"Tó o bá rí i, o mọ bó ṣe dúró ṣánṣán. Katakata ò lè gùn ún. Bí mo bá ní kí n máa fi àdá gé pòròpórò ibẹ̀, òjò á bá mi níbẹ̀, àwọn tó ń ra àgbàdo ò sì ní dúró dè mí. Àgbàdo yẹn ló rán ẹ nílé ìwé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ọdọọdún lẹ ń rán mi létí."

Òdìkejì ọ̀nà, Ìyá Nuan, aládùúgbò wọn, ti gbálẹ̀ ilé rẹ̀ tán. Ó kó ewé gbígbẹ jọ pẹ̀lú ọ̀rá àti ike omi méjì tó ti fọ́, ó ṣáná sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ó wá fara ti ọgbà láti gbọ́ ìjà náà dáadáa.

"Imú àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti rọ̀ jù," ló sọ, láì bá ẹnì kan pàtó wí. "Èéfín la mu dàgbà ní tiwa. Tẹ́ ẹ bá lọ ságboolé kankan nígbà yẹn, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ imú. Ará Chiang Mai, ẹ máa gbé ọmọ yín lọ sínú firíìjì."

Ó fẹ́ fi nǹkan kún un, ni ikọ́ bá mú un. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, títí tó fi di igi ọgbà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn mẹ́ta tó wà lódìkejì ọ̀nà dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ẹnu rẹ̀, ó wọlé lọ.

Inta gbé gálọ́ọ̀nù rẹ̀. Buakham di ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, ó fi ata lílọ̀ àti awọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín sí i. Bó ṣe ń gbé e fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Bàbá Saengla, ṣé dandan ni tòní?"

"Tí gbogbo àwọn tó yí mi ká bá sun tiwọn lónìí, tí tèmi bá ṣẹ́ kù, iná wọn náà ló máa wá jó o. Ó sàn kí n wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Ìyẹn ló mú kí inú bí Buakham sí i, nítorí kò rí ẹni tí òun lè bínú sí.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Saengla ti gun máṣìnnì lọ sí ìlú tó wà nísàlẹ̀ láti ra ìbòmú tó dára. Buakham ní ẹran tó yẹ kó yan fún àwọn tó ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà. Abẹ́ ilé, níbi tí òrùlé rẹ̀ kò ga, ni àdògán rẹ̀ wà. Ó da èédú sí i, ó fẹ́ ẹ, ọ̀rá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ń kán sórí iná, èéfín funfun sì ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ti kán. Kaeta jókòó tì í, ó ń fi ọ̀pá tín-ín-rín gún ẹran. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó máa ń to ẹran mẹ́rin sórí ọ̀pá kan, èyí tó sanra jù ló sì máa ń fi sí òkè, kó lè wu àwọn oníbàárà.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ológbò Ìyá Nuan tó bímọ. Kaeta ní òun ti yan èyí tó ní àmì dúdú létí.

"Orúkọ wo lo fẹ́ sọ ọ́?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ ní..."

Kò parí rẹ̀. Buakham ń yí ẹran, ó ń dúró de orúkọ náà. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó yíjú sí i. Ọmọ náà ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ wálẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé fée, fée. Gbogbo ìgbà tó bá fa èémí, kòtò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń wọlé lọ bí ẹni pé wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Kaeta. Kaeta, mí sínú."

Ọmọ náà mi orí. Ó ń gbìyànjú.

Buakham fa fóònù yọ, ó pe Inta. Inú ilé ló ti gbọ́ tó ń dún. Inta ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkè, kì í sì í gbé e lọ. Buakham ju fóònù sápò, ó pọn ọmọ náà, ó bọ́ sójú ọ̀nà láìwọ bàtà.

Ìyá Nuan jáde. Ó wo ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sáré padà, ó mú aṣọ tútù kan wá, ó fi nu ètè rẹ̀ tó ti ń di aláwọ̀ eérú. Ọlọ́run ló ní kí Saengla máa bọ̀ lórí máṣìnnì lásìkò yẹn. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ gùn ún," Buakham sì gùn ún, wọ́n fi ọmọ sáàárín.

"Ẹ máa lọ," ni Ìyá Nuan wí. "Màá mójú tó ẹran yín."

Nígbà tí Buakham wẹ̀yìn, ó rí i tó bu omi láti inú kòtò, tó ń dà á sórí ìdọ̀tí tirẹ̀ tó ṣì ń rú èéfín.

Lójú ọ̀nà, Buakham fi apá méjèèjì gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ń fi àyà ara rẹ̀ ka bí egungun ìhà rẹ̀ ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ó ṣáà ń sọ sí i létí pé, "A ti dé àfárá. A ti dé ilé ìjọsìn. Ó ku díẹ̀." Ojú ọ̀nà ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan débi pé àwọn ọkọ̀ tan iná.

Ilé ìwòsàn kékeré náà ní yàrá kan tí wọ́n fi gíláàsì dí pa, tí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ń kùn nínú rẹ̀. Àwọn arúgbó mẹ́rin àti aboyún kan ti wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Wilai gbé Kaeta sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìbòmú tó ń tu oògùn bí ìrì bo imú àti ẹnu rẹ̀. "Fà á sínú díẹ̀díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Má kánjú. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí súfèé inú ọ̀fun ọmọ náà tó lọ sílẹ̀. Ètè rẹ̀ padà pọ́n. Ìgbà yẹn ni Saengla jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé iwájú orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì gbé e sókè fún ìgbà pípẹ́.

Nọ́ọ̀sì Wilai gbé fáìlì. Ọ̀dọ́ ni, ó sì ń bi Buakham ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ìyá, kí lẹ fi ń dáná nílé?"

"Èédú."

"Ibi tẹ́ ẹ ti ń dáná, ṣé ọmọ náà máa ń wà níbẹ̀?"

"Òun ló ń bá mi gún ẹran."

"Ẹ ń tan oògùn ẹ̀fọn tó ń rú èéfín?"

"Lálaalẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ẹ̀fọn pọ̀."

"Wọ́n ń sun ìdọ̀tí ládùúgbò yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Oko ńkọ́?"

Buakham wo ọwọ́ rẹ̀. Èédú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kọ nǹkan sínú fáìlì.

"Èmi ni mo pa á lára, àbí?" ni Buakham wí. "Mo rò pé òkè ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá."

"Ibi púpọ̀ ló ti ń wá, Ìyá. Ti òkè pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n eruku inú èéfín yìí kéré débi pé irun imú ò lè dá a dúró. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dénú ọkàn. Ara ọmọdé ò tíì gbó tó láti bá a jà. Ikọ́ fée lèyí, ó sì lè gbé e jálẹ̀ ayé ẹ̀ láìsí wàhálà tá a bá dín èéfín kù fún un." Ó pa fáìlì dé. "Ikọ́ tiyín yẹn ńkọ́? Mo ti ń gbọ́ ọ látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé."

"Ikọ́ iná ni. Kì í ṣe àìsàn."

Nọ́ọ̀sì náà ti fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sétí, ó ti gbé ẹnu ẹ̀rọ náà lé ẹ̀yìn Buakham. Ó gbọ́ ọ lápá ọ̀tún, ó gbọ́ ọ lápá òsì.

"Àyà yín ń dún bíi ti ẹni tó ti mu sìgá fún ogún ọdún."

"Mi ò fẹnu kan sìgá rí láyé mi."

"Mo mọ̀. Àdògán yín ló ń bá yín mu ún."

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Saengla gbé orí sókè. Ó na ọwọ́, ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, èyí tí èédú wà lára rẹ̀, ó gbé e sórí itan ara rẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. "Ọ̀rọ̀ títì yẹn, òótọ́ lẹ sọ," ló wí. "Tí mo bá nu fèrèsé mi láàárọ̀, aṣọ tí mo fi nù ún á tún dúdú lálẹ́. Mi ò kàn mọ ibòmíì tí mo lè gbé e lọ ni."

Nígbà tó kọjá aago méjì díẹ̀, aboyún náà ló kọ́kọ́ rí i. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tó yẹ kí òkè wà, ìlà pupa kan yọ nínú èéfín. Ìlà kejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìkẹta. Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá gíláàsì náà ń wò ó. Ilé wo ni kò lẹ́nì kan lórí òkè yẹn? Kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí i, iná ara rẹ̀ yí láti àwọ̀ ewé sí pupa.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù kí Inta tó dé. Ìyá Nuan ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà abúlé, tó sọ fún un. Ojú Inta dúdú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan ti jó. Bó ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn gíláàsì náà, Nọ́ọ̀sì Wilai gbé ọwọ́ sókè láti inú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè wọlé báyìí. Èéfín ara yín yẹn tó láti tún gbé e dìde."

Inta sún sẹ́yìn kíákíá, bí ẹni tí iná ta. Ó dúró síta, ó ń wo ọmọ náà láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kaeta juwọ́ sí i. Inta kò mọ bóyá ó yẹ kí òun náà juwọ́.

Buakham jáde tọ̀ ọ́.

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí."

"Mo ti dá a kí n tó gbọ́."

"Mo mọ̀."

"Ìdajì ni mo sun. Mo dáàbò bo ìdajì tó kù, pé kí n sun ún lọ́la." Ó nu imú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo wo abúlé láti òkè, Ìyá Saengla. Mò ń wá òrùlé wa. Mi ò rí nǹkan kan. Mo wá ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kó wà, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú."

Buakham mú un lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn níbi tí ẹ̀rọ omi wà, ó ní kó bọ́ṣọ, kó tẹrí ba. Ó tú omi sí i lórí, ó fi ọṣẹ pa irun rẹ̀, ó fọ ẹ̀yìn etí rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀, bó ṣe máa ń wẹ Saengla nígbà tó wà lọ́mọdé. Omi dúdú ń ṣàn gba ẹsẹ̀ wọn kọjá. Ó tún ọṣẹ náà pa lẹ́ẹ̀kejì. Èjìká ọkùnrin náà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, omi sì pọ̀ lójú rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ omijé. Ó fọ̀ ọ́ lọ títí omi fi mọ́.

Saengla mú aṣọ aláìsàn kan wá láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ó nà án sí bàbá rẹ̀. Ó wo bí bàbá náà ṣe dúró síbẹ̀, tó tín-ín-rín, tí omi ń kán lára rẹ̀, ó sì bá a so okùn ẹ̀yìn aṣọ náà.

"Bàbá Àgbà, ẹ wọ aṣọ obìnrin," ni Kaeta wí nígbà tó wọlé.

"Òun ló bá mi mu."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà wò ó dáadáa, ó wo irun ìpéǹpéjú tó jó, ó wá wo ìta.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ dá iná yẹn?"

Ìlà iná tó wà lókè ti tó mẹ́fà báyìí; ó rọrùn láti sọ pé iná àwọn ẹlòmíì ni. Inta tọ́ka.

"Èyí tó wà lápá òsì pátápátá ni tèmi."

Kaeta ro ó. "Ṣé ó ti kú?"

"Kò tíì kú. Ó máa kú tó bá yá."

"Ó ga o," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́, Buakham kò sì mọ bóyá ìyìn ni àbí èébú.

Saengla ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. "Ìdajì tó kù yẹn, àdá mélòó la ní nílé?"

"Méjì," ni Inta wí. "Kò lè tán lọ́sẹ̀ kan."

"Màá pe ṣọ́ọ̀bù pé mi ò ní wá lọ́sẹ̀ yìí."

"Baálẹ̀ á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kó wá bá wa gé e tó bá ti rẹ́rìn-ín tán," ni Buakham wí. "Ìyá Nuan ní àdá kan. Màá yá a. Màá sì gbé àdògán mi jáde kúrò lábẹ́ ilé lọ sẹ́bàá ọ̀nà, kí ọmọ yìí máa gún ẹran tirẹ̀ nínú ilé."

Inta mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Iná márùn-ún yòókù lókè yẹn kò gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ, wọ́n ń jó lọ. Lọ́la, iná mìíràn á yọ. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Oorun ti ń gbé Kaeta. Ó rọra sún mọ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó gbé orí lé e láyà, ó fa apá rẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Inta jókòó gbagidi, kò mira. Buakham rí i tó ń fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, tó pa á mọ́, tó wá yí ojú sápá kejì pátápátá kó tó mí i jáde, kó má bàa fẹ́ sí ọmọ náà lójú. Ó tún fà á sínú. Ó tún yí ojú. Nọ́ọ̀sì Wilai fẹ́ sọ fún un pé kò pọn dandan, Buakham sì mi orí sí i pé kó fi í sílẹ̀.